Bí ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ orí WhatsApp ṣe lè máa gbọ́ ti ara wọn: ìtọ́sọ́nà fún àwa ọmọ Òkun

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé.

Lónìí, nílẹ̀ àwa Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogi, láti Kábà dé Ìsánlú, láti Ìyàrà dé Ẹ̀gbẹ̀, títí kan àwọn ará Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀, agbára káká la fi lè rí àgbàlagbà kan tó ní fóònù tí kò sí nínú ẹgbẹ́ WhatsApp méjì tàbí mẹ́ta. Ti ìdílé ń bẹ, ti ìjọ tàbí ti mọ́sálásí ń bẹ, ti àwọn tí a jọ jáde ilé ìwé ń bẹ. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí fóònù á ti máa dún. Síbẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn, èèyàn lè dùbúlẹ̀ àìsàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Fídíò kún ibẹ̀, àwòrán ẹ-káàárọ̀ kún ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó máa béèrè pé "Lágbájá dà? Ó mà ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí a gbúròó rẹ̀ kẹ́yìn" kò sí.

Ó ń dùn mí gidigidi, torí a kì í ṣe ìran tí kò mọ bí a ṣe ń gbé ara ẹni. Ohun méjì péré ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn bí ẹ ti ń ka ìtọ́sọ́nà yìí: kí ẹni tó bá sọ̀rọ̀ rí ẹni dá a lóhùn, kí ẹni tó bá sì nílò nǹkan lè sọ ohun tó nílò gan-an láìtijú. Gbogbo ohun tó kù tí mo máa sọ, torí àwọn méjì yìí ni.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ má pọ̀ jù, kí ẹ sì mọ ara yín

WhatsApp gbà kí èèyàn 1,024 wà nínú ẹgbẹ́ kan. Ìyẹn dára fún ìkéde ìlú. Fún àwọn ọ̀rẹ́ tó fẹ́ máa gbọ́ ti ara wọn, ó ti pọ̀ jù. Lójú tèmi, bí ẹ bá ti kọjá ogójì, ẹ ò ní mọ ẹni tó dákẹ́ mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ jáde ní Titcombe College ní Ẹ̀gbẹ̀ tàbí ní St. Augustine's College ní Kábà, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ ńlá wà fún ìkéde, kí ẹ̀yin tí ẹ jọ wọlé lọ́dún kan náà sì dá kékeré tiyín sílẹ̀.

Iṣẹ́ ni ádímìn, kì í ṣe oyè. Ẹ yan méjì ó kéré tán, kí ọ̀kan máa gbé nílé, kí èkejì wà lẹ́yìn odi. Ẹni tó wà nílé lè dìde lọ wo aláìsàn. Ẹni tó wà ní Àbújá, Èkó tàbí òkè òkun lè máa ṣọ́ ẹgbẹ́ nígbà tí iná bá lọ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì dákẹ́ nílé. Nínú ètò ẹgbẹ́, ẹ tan ibi tí ádímìn ti ń fọwọ́ sí ẹni tuntun kó tó lè wọlé, kí línkì yín má baà mú ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí wọlé wá.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ òfin yín sí ibi àlàyé ẹgbẹ́. Kó má ju ìlà mélòó kan lọ, torí kò sẹ́ni tó máa ka òfin olójú ewé mẹ́ta. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí:

"Ọ̀rẹ́ ni wá níbí. A ń kí ara wa, a sì ń dá ara wa lóhùn. A kì í kéde ikú ṣáájú ẹbí. A kì í tàtaré ohun tí a kò yẹ̀ wò. Ohun tí ẹnì kan bá sọ níbí, a kì í gbé e jáde. Owó, akápò àti akọ̀wé nìkan ló ń bójú tó o."

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ jẹ́ kí kíkí yín ní orúkọ nínú

Àwòrán òdòdó tí a kọ àdúrà sí lára kò burú, ṣùgbọ́n kì í ṣe kíkí. Ẹni tó fi ránṣẹ́ kò ro ti ẹnikẹ́ni nígbà tó ń fi í ránṣẹ́, ẹni tó rí i pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo èyí: "Òkun o, gbogbo ilé. Ìyá Ìbejì, ẹsẹ̀ tó ń dùn yín lánàá ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Mọ̀pà, ṣé òjò ti rọ̀ lọ́hùn-ún?" Ìlà méjì ni, èèyàn méjì ló sì ti gbọ́ pé wọ́n rántí òun. Bí ẹ bá ń dárúkọ èèyàn méjì péré lójoojúmọ́, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi kí gbogbo ẹgbẹ́ kan tán, ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀.

Aago ńkọ́? Nígbà tó bá jẹ́ aago méje àárọ̀ ní Ìyàrà, òru aago kan tàbí méjì ni ní Toronto. Kí àwọn tó wà lọ́hùn-ún pa ohùn ẹgbẹ́ náà mọ́lẹ̀ lórí fóònù wọn, kí wọ́n lè sùn, kí àwọn tó wà nílé má sì ka ìdákẹ́ wọn sí ìgbéraga. Bẹ́ẹ̀ náà ni nílé. Láti oṣù kejì títí wọ oṣù kẹrin, nígbà tí káṣú ń já bọ́, ọ̀pọ̀ wa ń bẹ lóko láti ìdájí. Ẹni tó ń ṣa káṣú kò lè máa tẹ fóònù.

Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù sọ èdè rẹ̀. Ẹni tó ń sọ Owé, èdè àwọn ará Kábà, kó kọ Owé, Ìyàgbà kó kọ Ìyàgbà, kí ará Ìjùmú kọ tirẹ̀. Bí a kò bá fi àmì sí i, a máa gbọ́ra yé. Ọmọ wa tí wọ́n bí sí Èkó tó ń kọ Yorùbá àdàmọ̀dì, ẹ má ṣe tún un ṣe lójú gbogbo ayé. Ojú á tì í, kò sì ní kọ ọ́ mọ́. Fún àwọn àgbà tí ojú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ríran, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fi ohùn ránṣẹ́, ẹ̀yin náà ẹ máa fi ohùn dá wọn lóhùn, kó má ju ìṣẹ́jú kan àbọ̀ lọ. Inú wọn á dùn ju bí ẹ bá kọ ọ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí tún wà níbẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ wa, ẹ ó rí ẹni tó jáde ilé ìwé nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Kwara, tó jẹ́ pé Ìlọrin ló ti ń lọ gba ìwé ìjọba, ẹ ó sì tún rí ẹni tí wọ́n bí lẹ́yìn tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1991. Kí àbúrò má ṣe pe ẹ̀gbọ́n ní orúkọ lásán torí pé orí fóònù ni wọ́n wà. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n náà: ẹ má ṣe dúró de ìkíni. Bí ẹ bá kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà àbúrò yín, ó máa rántí rẹ̀ títí.

Nípa dátà: fídíò ńlá ń jẹ owó àwọn tó ń gbé ní abúlé, pàápàá ní apá Bùnú tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti dúró dáadáa. Kí oníkálukú wọ inú ètò WhatsApp rẹ̀, kó pa ibi tí fídíò àti àwòrán ti ń wọlé fúnra wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ pín ìdáhùn láàárín ara yín

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń kú. Ẹnì kan kọ ọ́ pé "Ara mi ò yá lónìí." Gbogbo èèyàn kà á. Olúkúlùkù rò pé ẹlòmíì á dáhùn. Ní ìrọ̀lẹ́, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan, ẹni náà kò sì ní sọ ohun tó ń ṣe é fún wa mọ́ láé.

Àwọn bàbá wa yanjú irú ọ̀rọ̀ yìí lóko pẹ̀lú àáró. Wọn kì í sọ pé "ẹni tó bá wù kó wá." Wọ́n mọ oko ẹni tí wọ́n máa ro lónìí, wọ́n mọ ti ọ̀la, oníkálukú sì mọ ọjọ́ tó kàn án. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìdáhùn. Kí ẹnì kan máa ṣọ́nà fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹlòmíì gbà á ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀: kí ó rí i pé kò sí ọ̀rọ̀ kankan tó sùn láìrí èsì, kí ó sì pe ẹni tó bá ti pẹ́ tó dákẹ́. Èyí kò ní kí àwọn tó kù má dáhùn o. Ó kàn jẹ́ kí ọwọ́ kan wà tí kò ní já sílẹ̀.

Kí sì ni ìdáhùn? "Ọlọ́run á ṣe é" jẹ́ àdúrà, a kò sì lè kọ àdúrà. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìbéèrè kan tẹ̀ lé e: "Ọlọ́run á ṣe é. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ?" Tàbí kí ẹ sọ ohun tí ẹ máa ṣe àti ìgbà tí ẹ máa ṣe é: "Mo ti gbọ́. Màá pè ọ́ ní aago mẹ́jọ alẹ́." Bí ẹ bá sì ti dá aago, ẹ pè ní aago náà. Ẹni tó wà nínú ìrora máa ń ka ìṣẹ́jú.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: bí a ṣe ń béèrè ìrànlọ́wọ́

Àwa ará ibí, ojú máa ń tì wá láti béèrè. A máa ń pọ́n ọ̀rọ̀ lé, a máa ń pa á lówe, títí ẹni tó fẹ́ ràn wá lọ́wọ́ kò fi ní mọ ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan hàn yín. Ká ní ọ̀rẹ́ yín kan ní Ìsánlú kọ báyìí ní aago mẹ́wàá alẹ́: "Ẹ bá mi gbàdúrà o, ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀." Ní ìṣẹ́jú márùn-ún, àmín á ti pé ogún. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá iná ló jó ni, bóyá ọmọ ló ṣubú ni.

Ẹ wo bí ó ṣe yẹ kó kọ ọ́:

"Ìyá mi wà ní ilé ìwòsàn ní Ẹ̀gbẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́. Wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn lọ́la. Wọ́n ní kí a wá ẹni méjì tó máa fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, O pọ́sítífù ni wọ́n. Kó tó di aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọ̀la la nílò wọn. Àbúrò mi obìnrin ló wà lọ́dọ̀ wọn, màá fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó bá lè wá. Ẹni tí kò bá lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, mo nílò ẹni tó máa bá mi mú àwọn ọmọ lọ sílé ìwé láàárọ̀."

Ohun tó mú kí èyí ṣiṣẹ́ ni pé ibi tí ọ̀rọ̀ wà hàn, aago hàn, iye èèyàn hàn, ẹni tí a ó bá sọ̀rọ̀ náà hàn. Ó tún fi iṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀ fún ẹni tí kò lè ṣe ńlá. Ẹni tó wà ní Ẹ̀gbẹ̀ á sọ pé "Èmi yóò wà níbẹ̀ ní aago méje." Ẹni tó wà ní Ìsánlú á gba ti àwọn ọmọ. Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù á sọ pé òun á san owó ọkọ̀ àwọn tó ń lọ. Kí ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ti pé ọmọ ọdún 18, kó wọ̀n tó kílò 50, kó jẹun dáadáa kó tó lọ, kó sì jẹ́ kí ilé ìwòsàn yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ó dára kí ẹgbẹ́ ti mọ àwọn tó lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kí akọ̀wé béèrè lọ́wọ́ oníkálukú ní ìkọ̀kọ̀, kó kọ irú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bá gbà láti sọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, kó má lẹ̀ ẹ́ sójú ẹgbẹ́.

Kí ẹni tó béèrè padà wá jábọ̀. "Wọ́n ti jáde nínú iṣẹ́ abẹ, wọ́n ti lajú." Bí ẹ kò bá jábọ̀, àwọn tó ń sáré nítorí yín kò ní mọ̀ bóyá kí wọ́n ṣì máa sáré.

Ohun kan náà ló wà fún ẹni tó fẹ́ ranni lọ́wọ́. "Bí ohunkóhun bá wà, ẹ sọ fún mi" dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ó ti gbé ẹrù padà lé ẹni tó ti rẹ̀ lórí. Ẹ sọ ohun tí ẹ lè ṣe: "Mo ń bọ̀ wá sí Kábà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ṣé kí n gbé oúnjẹ wá àbí kí n dúró ti bàbá kí o lè sùn?"

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: owó

Owó ti tú ẹgbẹ́ ká ju òṣèlú lọ. Ẹni tó ń gba owó sínú àkáǹtì kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń kọ orúkọ sílẹ̀. Akápò gbà, akọ̀wé kọ, àwọn méjèèjì á sì ṣe ìṣirò lójú ara wọn. Ẹ dá gbèdéke: "Àkójọ yìí máa parí ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì." Nígbà tó bá parí, ẹ kéde àpapọ̀ owó náà, kí ẹ sì fi ẹ̀rí hàn pé ó ti dé ọwọ́ ẹni tí a dá a fún.

Ẹ má ṣe lẹ orúkọ pẹ̀lú iye tí oníkálukú dá. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ń ṣe é, wọ́n ní ó ń mú kí àwọn èèyàn dá owó. Òótọ́ ni, ó ń mú owó wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń retí owó oṣù tí kò tíì wọlé máa jáde nínú ẹgbẹ́ kí orúkọ rẹ̀ tó hàn pẹ̀lú ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà níwájú àwọn tí wọ́n jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Ẹni tí kò lówó tó lọ jókòó ti aláìsàn ti dá tirẹ̀.

Ní ti gbàjúẹ̀, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jí WhatsApp èèyàn gbé kò le. Wọ́n á fi kóòdù onínọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́ sí fóònù rẹ, wọ́n á wá pè ọ́ pé láti ìpàdé ìlú tàbí láti ìjọ ni, pé kí o ka kóòdù náà fún wọn kí wọ́n lè fi ọ́ sínú ìpàdé orí fóònù. Tí o bá ti kà á, WhatsApp rẹ ti di tiwọn. Láàárín wákàtí kan, orúkọ rẹ àti àwòrán rẹ á máa tọrọ owó lọ́wọ́ gbogbo ẹgbẹ́. Nítorí náà:

- Kóòdù tí WhatsApp fi ránṣẹ́ sí ọ, a kì í kà á fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ọmọ ìyá ẹni.
- Kí oníkálukú wọ ètò WhatsApp rẹ̀, kó tan ààbò onípele méjì, kó yan PIN onínọ́ńbà mẹ́fà tí kì í ṣe ọjọ́ ìbí rẹ̀.
- Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè owó, kí ẹnì kan pè é lórí ìpè fóònù gidi kí kọ́bọ̀ kan tó jáde. Ẹ bi í ní ohun tí ẹ̀yin méjèèjì nìkan mọ̀, torí kọ̀ǹpútà ti lè ṣe ohùn èèyàn báyìí.
- Bí orúkọ tó wà lórí àkáǹtì bá yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń béèrè, ẹ dúró ná.

Ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ "fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá sílẹ̀, gba ogún lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀" wá, kí ádímìn yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò lójú ẹsẹ̀, kó sì pe ẹni náà, torí ó lè jẹ́ pé wọ́n ti gba WhatsApp lọ́wọ́ rẹ̀. Àjọ àti èsúsú, ẹ ya ẹgbẹ́ tiwọn sọ́tọ̀. Yíyá ara ẹni lówó kò sí lójú ẹgbẹ́ rárá.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìròyìn ikú

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ sí jù. Nílẹ̀ wa, a kì í ṣàdédé túfọ̀. A máa ń rán àgbà, a máa ń jókòó, a máa ń béèrè bóyá ẹni náà ti jẹun, ká tó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n lónìí, ọmọ tó wà ní Kánádà lè jí, kó ṣí fóònù, kó sì rí àwòrán bàbá rẹ̀ pẹ̀lú àbẹ́là lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ kan, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó rí àyè pè é. Ìwà òǹrorò ni, kódà bí ẹni tó gbé e síbẹ̀ kò bá ní ibi lọ́kàn.

Bí ẹ bá gbọ́ pé ẹnì kan ti kú, ẹ má kọ nǹkan kan síbikíbi. Ẹ pe àkọ́bí tàbí ẹni tó ń gbẹnu sọ fún ẹbí. Kí ẹ tó béèrè ohunkóhun, ẹ tẹ́tí sí i, torí ó ṣeé ṣe kí ẹni tí ẹ pè gan-an má tíì gbọ́. Ẹ kí i, ẹ bi í pé báwo ni ilé, kí ẹ jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Tó bá sọ ọ́, ẹ bi í pé ṣé gbogbo ọmọ ti gbọ́, àti ìgbà tí ẹbí fẹ́ kí a kéde. Títí dìgbà náà, ẹ̀yin ò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí ẹbí bá fọwọ́ sí i, ẹnì kan ṣoṣo ni kó kéde, kó kọ ọ́ ní kúkúrú, láìsí àwòrán òkú, láìsí fídíò ìjàǹbá. Ẹni tó bá gbé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ wá, ádímìn lè pa á rẹ́ fún gbogbo èèyàn, kó sì ṣe bẹ́ẹ̀ láìjanpata.

Ẹ bá ẹni tó ṣọ̀fọ̀ sọ̀rọ̀ bí ọ̀fọ̀ rẹ̀ ṣe rí. Fún ẹni tí òbí rẹ̀ dàgbà kó tó lọ: "Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ̀yìn wọn á dára." Fún ẹni tí ọmọ rẹ̀ tàbí ọkọ rẹ̀ kú lọ́dọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu: "Ẹ kú àmúmọ́ra. Ọlọ́run á tù yín nínú. Mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín." Ẹ má ṣe sọ fún un pé ó ṣì lè bí òmíràn. Ẹ má sì béèrè ohun tó pa á lójú ẹgbẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ètò. Ọ̀pọ̀ ìsìnkú wa máa ń bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀, èèyàn á sì ti máa bọ̀ láti Èkó, Ìlọrin àti Àbújá. Ẹ mọ ẹni tó máa ṣojú ẹgbẹ́, ẹni tó máa mú ọ̀rẹ́ yín sùn sílé rẹ̀, ẹni tó máa dúró dé àárọ̀ ọjọ́ kejì láti bá wọn palẹ̀ mọ́. Kí ẹni tó ń ṣọ́nà sì kọ ọ́ sínú fóònù rẹ̀ láti pe olọ́fọ̀ náà ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ilé kún. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, àga ti padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń yáni ní àga, ìgbà náà ni ilé máa ń tóbi jù fún èèyàn.

Ìgbésẹ̀ keje: nígbà tí ẹnì kan bá ní ayé sú òun

Ẹ má ṣe wàásù. Ẹ má ṣe sọ pé "Àwọn tó burú ju tìrẹ lọ ń bẹ." Ẹ pè é lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe lójú ẹgbẹ́. Ẹ bi í ní tààràtà bóyá ó ń ro láti pa ara rẹ̀ lára. Ìbéèrè yìí kì í fi èrò náà sí èèyàn nínú, ńṣe ló ń jẹ́ kó rí ẹni bá sọ ọ́. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má gbé fóònù sílẹ̀ títí ẹni tó sún mọ́ ọn jù á fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kí ẹni náà rọra gbé oògùn tí wọ́n ń fọ́n sóko àti àwọn nǹkan tó mú bí ọ̀bẹ kúrò níbi tí ọwọ́ rẹ̀ lè dé, kó má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, kí wọ́n sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Èèyàn méjì tàbí mẹ́ta ni kó mọ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ kò ní láti gbọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà

Àwọn ajínigbé ti mú kí a máa bẹ̀rù ojú ọ̀nà wa. Nítorí náà, a kì í kọ ọ́ sójú ẹgbẹ́ tàbí sórí státọ́ọ̀sì pé "Mo ń bọ̀ nílé lọ́la, aago mẹ́fà ni màá gbéra." Sọ fún èèyàn méjì péré, kí o sì fi ibi tí o wà ránṣẹ́ sí ọ̀kan nínú wọn lórí WhatsApp bí o ti ń lọ, o lè jẹ́ kó máa rí ọ fún wákàtí mẹ́jọ. Nígbà tí o bá dé ni kí o sọ fún ẹgbẹ́.

Ohun tó yẹ lójú ẹgbẹ́ ni bí ọ̀nà ṣe rí: igi tó wó, afárá tó bàjẹ́, ọkọ̀ àjàgbé tó dí ọ̀nà ní apá Ọbájánà. Àwọn tó ń gbé Lọ́kọ́ja wúlò púpọ̀ nígbà òjò. Ní 2012 àti ní 2022, omi Ọya àti ti Bẹ́núé kún, ó sì dí ọ̀nà Lọ́kọ́ja sí Àbújá. Kí ẹni tó wà níbẹ̀ sọ ohun tó fojú ara rẹ̀ rí, àti aago tó rí i. Bí WhatsApp bá ti kọ ọ́ sára ọ̀rọ̀ kan pé wọ́n ti tàtaré rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ má gbà á gbọ́ títí ẹni tí ẹ mọ̀ tó wà níbẹ̀ á fi sọ̀rọ̀. Nọ́ńbà 112 ni ti pàjáwìrì, 122 sì ni ti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Ẹ fi méjèèjì sí ibi àlàyé ẹgbẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ìjà, àti ẹni tó jáde

Ìjà á wáyé, pàápàá nígbà ìdìbò. Ẹ lè sọ pé òṣèlú kò sí rárá, ṣùgbọ́n mi ò rò pé ó ṣeé ṣe láàárín ọmọ Òkun. Ohun tó ṣeé ṣe ni pé kí a máa bá ọ̀rọ̀ wí, kí a má bá ìyá ẹni wí. Ẹni tó bá fi ìbínú kọ nǹkan, WhatsApp fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti tún un kọ, kó lò ó. Tó bá ti le ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ádímìn sọ pé "Ó tó, ẹ jẹ́ ká mú un kúrò níbí," kí ẹni tí àwọn méjèèjì ń bẹ̀rù pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àforíjì náà, ibi tí èébú ti wáyé ni kó ti wáyé.

Nígbà tí ẹnì kan bá jáde nínú ẹgbẹ́, ádímìn nìkan ni WhatsApp ń sọ fún. Ẹ má gbé e sójú ẹgbẹ́ pé "Ẹ wò ó, Lágbájá ti lọ." Ẹ má sì fi tipátipá dá a padà. Kí ádímìn pè é lọ́jọ́ kejì, kó kí i, kó béèrè ilé, béèrè iṣẹ́, kó tó wá bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Nígbà mìíràn, dátà ló tán tàbí fóònù ló kún. Nígbà mìíràn, ẹnì kan ló sọ ohun kan tó dùn ún, tí kò sí ẹni tó rí i. Bó bá ní òun kò padà mọ́, kí ádímìn má ṣe pa nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́. Kí orúkọ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́nà, kí wọ́n máa pè é lẹ́ẹ̀kan lóṣù.